Fífá Ọ̀dà Àtijọ́ Kúrò Kí A Tó Da Tuntun: Ohun Tó Yẹ Kó Ṣẹ́ Kù Sórí Títì

Ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin sọ́fíyọ̀, ẹ̀yin awakọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó títì ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló wà ní Èkó àti Ìbàdàn tí títì wọn ti ga ju pèpéle ilé lọ. Ilé kọ́ ló rì. Ọ̀dà ni wọ́n ń tò lé ọ̀dà. Kẹ́ẹ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì sábà máa ń yọ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15 nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Tí wọ́n bá da ọ̀dà sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́ẹ̀kan, ó ku 10. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ku 5. Lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ẹ̀bù àti títì ti dọ́gba, omi òjò tó yẹ kó gba inú gọ́tà lọ á wá máa wọ ilé onílé. Ìdérí manhólù á di kòtò nítorí pé ọ̀dà ti ga yí i ká, àwọn awakọ̀ á sì máa yà fún un títí wọn ó fi kọ lu ara wọn.

Lórí afárá, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúwo gan-an là ń wí. Ọ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀ dáadáa ń wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 2.4 ní kúbíìkì mítà kan. Sẹ̀ǹtímítà 5 rẹ̀ lórí sukúwíà mítà kan jẹ́ kìlógíráàmù 120. Ẹ mú afárá tó ní ìlà ọkọ̀ mẹ́rin, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 3.65: ìpele kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ á fi tọ́ọ̀nù 1,752 kún ẹrù tí afárá ń gbé ní gbogbo kìlómítà kan. Ẹrù tí kò lọ tí kò bọ̀ ni, ọ̀sán àti òru ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé lórí afárá bíi Third Mainland ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1990 tí gígùn rẹ̀ sì tó kìlómítà 11.8, ọ̀dà tó ti gbó gbọ́dọ̀ kúrò kí tuntun tó dé.

Nígbà kan rí, iná ni wọ́n fi ń yọ́ ojú ọ̀dà kí wọ́n tó ha á kúrò. Èéfín rẹ̀ pọ̀, epo tó ń jẹ pọ̀, ọ̀dà tí wọ́n sì fẹ́ tún lò á ti jóná. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973 ni ojú gbogbo ayé là sí i pé ọ̀dà àtijọ́ náà ní iye lórí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀rọ tó ń fá ọ̀dà ní tútù, láìfi iná yọ́ ọ, gbòde. Ilé iṣẹ́ Wirtgen, tí Reinhard Wirtgen dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1961, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Irú rẹ̀ náà ni à ń lò títí di òní, iṣẹ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pè ní mílíǹgì.

Ẹ wo inú ẹ̀rọ náà díẹ̀. Àgbá irin kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí eyín kún ara rẹ̀. Lára ẹ̀rọ ńlá, àgbá yìí fẹ̀ ní mítà 2, eyín rẹ̀ sì tó 160, tí ìlà eyín kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 15. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó fẹ̀ ní ìdajì mítà tàbí mítà kan wà fún ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀bù àti àyíká manhólù. Àgbá náà kì í yí bí táyà ṣe ń yí. Òdìkejì ló ń yí sí, tí eyín á gba ìsàlẹ̀ wọlé, tí á sì máa gbé ọ̀dà sókè. Wọ́n to eyín náà lọ́nà tí ó fi máa ń kó ohun tó fá wá sí àárín, ibẹ̀ ni bẹ́líìtì á ti gbé e sínú típà tó ń lọ níwájú. Lẹ́yìn àgbá ni irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń wọ́ ilẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n fá ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Tí ẹnu irin yẹn bá ti jẹ, ẹ máa rí ìyàngbẹ ọ̀dà tó kún ojú títì lẹ́yìn ẹ̀rọ, àwọn tó ń gbálẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn.

Gbogbo ohun tí a ní í sọ lónìí rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan: ohun tó ṣẹ́ kù sórí títì ni iṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ kọngílá máa ń ka típà tó jáde, wọ́n á ní iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀dà tuntun kò ní bá típà lọ o. Orí ohun tó kù ló máa jókòó sí.

Nítorí náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ gbẹ́ ọ̀dà náà wò. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gé e ní roboto yọ ọ́ jáde, kí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 100 tàbí 150, ó kéré tán ẹyọ kan ní gbogbo mítà 200, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́: ọ̀kan níbi tí táyà ń gbà, òmíràn nítòsí gọ́tà. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó. Èkejì, ṣé àwọn ìpele náà ṣì lẹ̀ mọ́ra, àbí ó já sí méjì lọ́wọ́ yín? Ẹ̀kẹta, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: tí òkúta ibẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ láìní ọ̀dà lára mọ́, omi ti ń gba abẹ́ jẹ títì náà, fífá òkè nìkan kò sì ní wò ó sàn.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó wọ́pọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìpele òkè jẹ́ mìlímítà 40, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 60. Èyí tí ẹ gbẹ́ já ní 40 gẹ́lẹ́, tó fi hàn pé méjèèjì ti tú síra wọn. Ìwé àdéhùn ní kí wọ́n fá mìlímítà 30. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìwé yẹn, mìlímítà 10 ló máa ṣẹ́ kù lókè ojú ìpàdé, tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀. Àwọn ibì kan á ṣí kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lábẹ́ eyín, ẹ máa rí i tí ó máa rí bátabàta. Ibi tí kò ṣí náà ló léwu jù, nítorí ẹ máa da ọ̀dà alẹ̀mọ́, èyí tó ń so tuntun mọ́ àtijọ́, sí i, ẹ máa da tuntun lé e, gbogbo rẹ̀ á dán gbinrin. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi tí ọkọ̀ bá ti ń tẹ bíréèkì, ní ibùdókọ̀ tàbí níwájú iná tó ń darí ọkọ̀, ojú títì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún, á ya ní ìdajì òṣùpá. Wọ́n á ní ọ̀dà tuntun ni kò dáa. Ọ̀dà tuntun kò jẹ̀bi. Mìlímítà 45 ló yẹ kí wọ́n fá, kí eyín kọjá ojú ìpàdé náà díẹ̀. Tí owó tàbí gíga títì kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe, ẹ fá díẹ̀ kí ohun tó kù lókè ojú ìpàdé lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ó kéré tán, kó sì jẹ́ pé ibi tí ó ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ni ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ńlá yìí fúnra rẹ̀ ń wọ̀n bíi tọ́ọ̀nù 30, típà tó kún sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ títì àdúgbò wa, sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 péré ni ọ̀dà orí wọn, òkúta tàbí yangí ló wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá fá sẹ̀ǹtímítà 4 kúrò nínú 5, èyí tó kù kò lè gbé típà. Á fọ́, yangí á yọjú, òjò kan ṣoṣo á sì sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀. Lórí irú títì bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè kó ọ̀dà náà kúrò pátápátá, kí ẹ tún ìsàlẹ̀ tẹ̀. Ẹ sì lè fi ẹ̀rọ kékeré fá ẹ̀gbẹ́ nìkan: láti mítà 1.5 tàbí 2 sí kẹ́ẹ̀bù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òfo lápá inú, kó máa jìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dé sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́bàá gọ́tà. Báyìí, ọ̀dà tuntun á gba àárín kọjá láìga ju kẹ́ẹ̀bù lọ. Ọ̀nà kejì yìí dínwó, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn ènìyàn kì í sábà lò ó.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan lórí ìjìnlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kọjá, kí ẹnìkan fẹsẹ̀ rìn ín, kó máa wolẹ̀. Sísán tó pín sí wẹ́wẹ́, tó ṣì hàn kedere lójú ibi tí wọ́n fá, kì í ṣe ti òkè. Tí ẹrẹ̀ bá ń ti inú sísán náà jáde nígbà tí típà bá gorí rẹ̀, omi ti wọ yangí. Bí a bá da ọ̀dà tuntun lé irú ibẹ̀, à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹ fi kùn sàmì sí i, ẹ gé e ní onígun mẹ́rin, ẹ kó yangí tó ti rọ̀ kúrò, ẹ fi òkúta fífọ́ dí i ní ìpele ìpele, kí ẹ sì tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan kó le. Ẹ kọ owó iṣẹ́ yìí sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ kò ní mọ bí ó ṣe pọ̀ tó títí wọn ó fi fá a tán. Àdéhùn tí kò bá ní àyè fún un, ṣe ló ń rọ kọngílá pé kó díjú.

Ó ku bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó fá dé. Ẹ sọ àgbá kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú títì tẹ́jú, títí eyín á fi kàn án pẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ àtẹ ìjìnlẹ̀ di 0 lápá méjèèjì. Lẹ́yìn mítà díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dúró, kí ẹ fi rúlà wọn ìjìnlẹ̀ náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ má gbà pé ohun tí àtẹ sọ ló wà nílẹ̀. Irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló ń fara kan títì àtijọ́ tó sì ń sọ ìjìnlẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀. Tí irin yìí bá kó sínú kòtò, ẹ̀rọ náà á rì pẹ̀lú rẹ̀, á gbẹ́ kòtò mìíràn sílẹ̀. Títì tó ti rí págunpàgun nílò sẹ́ńsọ̀ mélòó kan tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n máa ń pín ìwọ̀n wọn dọ́gba, tàbí okùn tí sọ́fíyọ̀ ta. Ìdagẹ̀rẹ̀ náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fẹ́, tí ìlà ọkọ̀ sì fẹ̀ ní mítà 3.65, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà gbọ́dọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 9 rẹlẹ̀ ju àárín lọ. Àsìkò fífá ni kí ẹ ti tún ìdagẹ̀rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá dúró de péfà, ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ọ̀dà tuntun, kó tó ṣe é, ọ̀dà tó nípọn níhìn-ín tó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún ló máa dà, ibi tó nípọn á sì rì lábẹ́ táyà ju ibi tó fẹ́lẹ́ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti eyín àti eré, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù.

Ojú ibi tí wọ́n fá máa ń rí bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: ebè wà, poro wà. Eyín máa ń gbẹ́ poro, ohun tí kò kàn ló di ebè. Gíga ebè yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, ó ní ìṣirò. Ẹ mú àgbá tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1, tó ń yí nígbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ̀rọ bá ń rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, sẹ̀ǹtímítà 10 ló ń rìn kí àgbá tó yí lẹ́ẹ̀kan, ebè tó wà láàárín ojú eyín kan sí èkejì á sì ga tó mìlímítà 2.5. Tí awakọ̀ bá sáré dé mítà 20, ẹ lè rò pé ebè á di 5. Rárá o. Mìlímítà 10 ló máa jẹ́. Ní mítà 30, á sún mọ́ 22. Ẹ sọ eré di ìlọ́po méjì, ebè á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀dà tuntun tí ẹ fẹ́ dà kò ju mìlímítà 40 lọ, kí ni ó fẹ́ ṣe lórí ebè mìlímítà 22? Rólà á máa tẹ orí ebè, inú poro kò ní le dáadáa, omi á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Eré àsájù tún máa ń tú ọ̀dà sókè ní pálapàla dípò kó lọ̀ ọ́. Pálapàla yìí ló máa ń há sẹ́nu bẹ́líìtì.

Fún ìpele tó fẹ́lẹ́, ẹ lo àgbá tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, mìlímítà 8 dípò 15, kí ẹ sì rọra rìn. Ó máa pẹ́, ó sì máa jẹ eyín púpọ̀.

Ní ti eyín fúnra rẹ̀, góńgó rẹ̀ jẹ́ tungsten carbide, ohun tó le ju irin lọ, ara rẹ̀ jẹ́ irin, ó sì jókòó sínú ilé eyín kan tó fi àyè sílẹ̀ fún un láti máa yí. Yíyí yìí ṣe pàtàkì. Ẹ mú eyín kan tó ti ṣiṣẹ́ jáde kí ẹ wò ó. Tí góńgó rẹ̀ bá jẹ yíká dọ́gbadọ́gba, tí ilà wẹ́wẹ́ sì yí ara rẹ̀ ká, ó ń yí, ara rẹ̀ dá. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ lọ pẹrẹsẹ tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì dà bíi tuntun, ó ti há. Ohun tó máa ń há a ni eruku tó pò mọ́ omi díẹ̀ tó sì di lẹ̀ẹ́, tàbí ihò omi tó dí, tí eyín fi gbóná. Ẹ tún wo ilé eyín: tí iwájú rẹ̀ bá ń dán, tí ó ń kọ mànà, ọ̀dà ti ń kàn án lára, tó fi hàn pé eyín ti kúrú jù. Eyín kò wọ́n. Ilé eyín, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé kí wọ́n tó lè jó òmíràn mọ́ àgbá, ló wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ lè mọ̀ láìwo abẹ́ rẹ̀. Tí ebè kan ṣoṣo bá yọ lọ́tọ̀, tó ga ju àwọn tó kù lọ, tó sì ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ ní tààrà, eyín kan ti já tàbí ti kán ní ìlà yẹn gan-an. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ fi igi gbọọrọ tó gùn ní mítà 3, tí ẹnu rẹ̀ tọ́, lélẹ̀. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 6 lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ típà ni kí ẹ máa yẹ eyín wò, kì í ṣe ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àgbá, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó fẹ́ wọlé mú kọ́kọ́rọ́ náà sápò ara rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ tí àgbá rẹ̀ ń yí lórí ilẹ̀ ń fi ẹ̀mí ṣeré: tí eyín bá kọ́ irin lábẹ́ títì, ẹ̀rọ lè ta kúrò lójijì, sẹ́yìn ló sì máa ń ta sí.

Irin yìí kì í ṣe àlá o. Ìdérí manhólù, páìpù omi tí wọn kò rì dáadáa, irin ìsopọ̀ afárá, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti wà lábẹ́ ọ̀dà láti ìgbà tí wọ́n ti dà á lé wọn lórí. Ẹ wá wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wá irin, ẹ fi kùn yí wọn ká ní ìdajì mítà, kí ẹ̀rọ kékeré àti òòlù ẹlẹ́ẹ́ńjìnì parí ibẹ̀. Lórí afárá, ẹ má jẹ́ kí eyín dé kọnkéré. Ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láti dènà omi wà láàárín ọ̀dà àti kọnkéré. Tó bá ya, omi á wọlé lọ bá irin, irin á sì dípẹtà. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 sílẹ̀, kí ẹ rọra yọ ìyẹn lọ́tọ̀.

Típà ló ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní mítà 2, tó ń fá sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì ń rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ń tú kúbíìkì mítà 1 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn tọ́ọ̀nù 2.4. Típà tọ́ọ̀nù 30 á kún láàárín ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀. Ìlà ọkọ̀ kan tó gùn ní kìlómítà 1 máa mú tọ́ọ̀nù 438 jáde, bíi típà 15. Tí lílọ àti bíbọ̀ típà kan bá gba wákàtí kan pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ó kéré tán típà mẹ́fà ni ẹ nílò kí ẹ̀rọ má baà dúró. Àwọn kan á mú mẹ́ta wá, wọ́n á wá ní kí awakọ̀ ẹ̀rọ sáré nígbà tí típà bá dé. Ẹ ti mọ ohun tí eré ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ eruku. Òkúta tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ní ìhà wa níbí, òkúta líle tó kún fún sílíkà ni, ìyẹn ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn. Tí eyín bá lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ tí ojú kò lè rí máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì jáde mọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin OSHA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́, ti 2016 kò gbà kí ó ju máíkírógíráàmù 50 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, lórí iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Omi tí ẹ̀rọ ń fọ́n sí eyín wà fún eruku yìí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà fún ìtútù eyín. Tí tánkì bá gbẹ, iṣẹ́ dúró. Aṣọ tí òṣìṣẹ́ fi wé imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú N95 tó fún mọ́ ojú ni kí ẹ fún wọn.

A dé ibi ìmọ́tótó àti ọ̀dà alẹ̀mọ́. Poro kún fún eruku. Ẹ fi ẹ̀rọ agbálẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ fẹ́ ohun tó kù, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀. Tí ọwọ́ bá funfun, kò tíì tó. Ọ̀dà alẹ̀mọ́ tó bá bọ́ sórí eruku, eruku ló máa lẹ̀ mọ́, kò ní dé ara títì.

Ojú tí wọ́n fá ń mu ọ̀dà alẹ̀mọ́ ju ojú tó dán lọ, nítorí ebè àti poro ti sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lítà, ìyẹn 0.3, ni kí bítúmẹ̀nì, ohun dúdú tó ń lẹ òkúta ọ̀dà pọ̀, ṣẹ́ kù lórí sukúwíà mítà kan. Tí ọ̀dà olómi yín, ìyẹn ọ̀dà alẹ̀mọ́ tí wọ́n fi omi pò, bá ní bítúmẹ̀nì ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, lítà 0.5 lẹ máa fọ́n kí 0.3 lè kù lẹ́yìn tí omi bá ti lọ. Fún ìlà ọkọ̀ kan tó gùn ní kìlómítà 1, ó jẹ́ lítà 1,825. Tí ẹnìkan bá ti bu omi là á ní ìdajì sí ìdajì, 30 ló kù nínú ọgọ́rùn-ún, lítà 1 ni ẹ nílò báyìí. Ibí ni wọ́n ti ń jí owó jù: wọ́n á là á, wọ́n á sì fọ́n 0.5 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tó fẹ̀ ní mítà 1 sí mítà 1 sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú, kí mọ́tò afọ́n-ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Agolo tí wọ́n dá lu níhò, tí òṣìṣẹ́ ń gbé kiri, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ibì kan á ya adágún, ibòmíràn kò ní rí nǹkan kan. MC1, bítúmẹ̀nì tí wọ́n fi kẹrosíìnì là tí wọ́n ń da sórí òkúta ìsàlẹ̀, náà kò yẹ níbí, torí kẹrosíìnì inú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó fò lọ, á sì máa rọ ọ̀dà tuntun láti abẹ́. Nígbà tí ọ̀dà olómi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń jọ ti kòkó. Ẹ dúró kó dúdú kí péfà tó gorí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tí wọ́n fá sun níta ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì ni kí ọ̀dà tuntun dé. Ibi tí wọ́n fá láàárín kẹ́ẹ̀bù àti ìlà ọkọ̀ tí wọn kò tíì fá ti di ọpọ́n. Tí òjò bá rọ̀, omi kò ní ọ̀nà. Ẹ la ọ̀nà fún un sínú gọ́tà kí ẹ tó lọ sílé. Ọlọ́kadà kì í lè mú ọwọ́ dúró lórí poro, àgàgà lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni igun sẹ̀ǹtímítà 5 lè gbé e ṣubú. Níbi tí ọkọ̀ máa ti wọlé àti ibi tó máa ti jáde, ẹ fi ọ̀dà ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ tó gùn ní mítà 1 fún gbogbo sẹ̀ǹtímítà 2.5 tí ẹ fá, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò kí péfà tó dé.

Ní ti ohun tí típà kó lọ, kì í ṣe ìdọ̀tí. Òkúta rẹ̀ ṣì le, bítúmẹ̀nì ṣì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti gbẹ ẹ́: bítúmẹ̀nì 60/70 (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe rọ̀ tó) lè ti sọ̀kalẹ̀ dé 20 sí 30. A lè pò ó mọ́ ọ̀dà tuntun, ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, láìyí bítúmẹ̀nì tuntun padà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ nílò bítúmẹ̀nì tó rọ̀ ju 60/70 lọ àti ìdánwò yàrá àyẹ̀wò. Ẹ kó o jọ lórí ilẹ̀ líle, kí yangí má baà wọ inú rẹ̀. Yangí díẹ̀ ló ń ba òkìtì ńlá jẹ́. Ẹ má kó o ga ju mítà 3 lọ, kí ó má baà tẹ ara rẹ̀ le pọ̀ nínú oòrùn, kí katakata má sì gun orí rẹ̀. Ẹ ṣe òrùlé lé e, kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má fi tapólì dì í mọ́lẹ̀, torí omi tó bá ti wà nínú rẹ̀ kò ní lè jáde, dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa fi gbẹ omi yẹn nínú ẹ̀rọ ìpo-ọ̀dà ló sì máa jẹ èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ.